HÍÍTÀ ILÉ YÍN: ẸFUN NI YÓÒ PA Á NI, TÀBÍ ÌDÓGÙN-ÚN?

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá àsúbàá bá na ọwọ́ sí omi, tí ó sì tún fà á padà, nígbà náà ni ènìyàn ń mọ iyì omi gbígbóná. Láyé àwọn ìyá wa, ìkòkò ni wọ́n ń gbé ka orí ààrò lẹ́yìn ilé, wọn á ti koná mọ́ ọn kí àwọn ọmọdé tó jí. Lónìí, ilé púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti ní ẹ̀rọ amómigbóná, èyí tí gbogbo wa ń pè ní híítà. Ó wà lára ògiri balùwẹ̀ bí àpótí funfun. A tẹ súwíìṣì, omi gbóná, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi yín léèrè: nígbà wo ni ẹ ṣí i wò gbẹ̀yìn?

Àpèjúwe kan ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Ká ní bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ra híítà méjì ní ọjọ́ kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, irú kan náà. Ó gbé ọ̀kan kọ́ sí ilé ara rẹ̀, ó sì fi ìkejì ta ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ ní ilé ọkọ rẹ̀ ní Ṣágámù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, híítà méjèèjì kú. Ti Ṣágámù kọ́kọ́ ń pariwo bí ẹni ń dín gúgúrú, lẹ́yìn náà omi rẹ̀ kò gbóná mọ́. Ti Ìjẹ̀bú-Òde kò pariwo rárá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jí, tí wọ́n bá omi pupa nílẹ̀ balùwẹ̀.

Bàbá yìí á ní ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè pa híítà méjèèjì, kí àìsàn kọ̀ọ̀kan sì wá láti inú omi. Ẹni tí kò bá mọ irú omi tí ó wà ní ilé rẹ̀ kò lè tọ́jú híítà rẹ̀ bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

ÒKÚTA TÍ Ó WÀ NÍNÚ OMI

Òkúta ẹfun pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ewékorò àti ilẹ̀ Ṣágámù. Nítorí òkúta yìí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Ewékorò, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, tí wọ́n sì tún kọ́ òmíràn sí Ṣágámù ní ọdún 1978. Òkúta kan náà tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì ni ó ń wọ inú omi kànga tí ó bá gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹ ó bèèrè pé, báwo ni òkúta ṣe ń wọ inú omi? Òjò tí ó ń rọ̀ a máa kó afẹ́fẹ́ kan láti ojú ọ̀run àti láti inú ilẹ̀, irú afẹ́fẹ́ tí ó ń hó nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Afẹ́fẹ́ yìí a sọ omi di kíkan díẹ̀, omi náà a sì máa jẹ òkúta ẹfun níwọ̀nba níwọ̀nba. Bí ẹ bá bu omi bẹ́ẹ̀ sínú gíláàsì, yóò mọ́ lójú, ẹ kò ní rí òkúta kankan, ṣùgbọ́n òkúta wà níbẹ̀. Òun ni a ń pè ní omi líle. Ẹ má tìtorí èyí bẹ̀rù láti mu ún, nítorí pé líle omi nìkan kì í pa ènìyàn lára. Ọṣẹ ni ó ń fi ṣòfò, híítà ni ó sì ń bá jà.

Nígbà tí a bá se omi líle, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fò lọ, òkúta tí ó ti yọ́ á sì tún padà di òkúta. Ara ohun tí ó gbóná jù lọ ni yóò lẹ̀ mọ́, èyí ni irin tí iná ń mú gbóná nínú híítà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní élímẹ́ǹtì. Ẹfun kì í jẹ́ kí ooru kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá ti nípọn lára irin náà, ooru á há sínú irin, irin á gbóná ju bó ti yẹ lọ, títí yóò fi bẹ́. Ariwo gúgúrú tí ẹ ń gbọ́ yẹn, omi tí ó há sábẹ́ ẹfun ni ó ń hó.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Mílígíráàmù ẹfun tí ó wà nínú lítà omi kan ni wọ́n fi ń wọn líle omi. Omi tí kò bá tó 60 jẹ́ omi rírọ̀, èyí tí ó bá ju 180 lọ le gan-an. Ká ní omi ilé kan jẹ́ 250, tí wọ́n sì ń se 50 lítà lójoojúmọ́. Gíráàmù 12 àti ààbọ̀ ni ó ń gba inú híítà náà kọjá lójúmọ́ kan, ó sì ju kílò 4 àti ààbọ̀ lọ lọ́dún. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré bá dúró sínú híítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kílò òkúta! Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé omi ìlú náà gba ilẹ̀ ẹfun kọjá, líle rẹ̀ sì ju 200 lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bá ra kẹ́tù tuntun tí inú rẹ̀ fi ń funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún.

OMI TÍ Ń JẸ IRIN

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Yanrìn ni ó pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, pàápàá bí a bá kọrí sí apá ọ̀sà. Yanrìn kì í yọ́ sínú omi bíi ti ẹfun. Nítorí náà omi kànga ilẹ̀ yanrìn a máa rọ̀, ọṣẹ a sì máa hó nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kíkan tí òjò kó wọlẹ̀ kò rí ẹfun tí yóò pa á. Kì í ṣe kíkan tí ẹnu lè tọ́ wò bíi ti gárì Ìjẹ̀bú o! Irin ni ó ń mọ̀ ọ́n lára. Irú omi bẹ́ẹ̀ a máa jẹ irin híítà díẹ̀díẹ̀, gbígbóná rẹ̀ a sì tún máa mú kí iṣẹ́ ibi náà yá.

Àwọn tí ń ṣe híítà mọ̀ pé omi ń jẹ irin. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi ohun dídán bíi tánganran bo inú táńkì híítà púpọ̀, tí wọ́n sì tún ń ti ọ̀pá kan bọ inú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ánóòdù. Magnesium ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Iṣẹ́ ọ̀pá yìí ni pé kí omi máa jẹ òun dípò irin táńkì. Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Humphry Davy ni ó fi ọgbọ́n yìí han ayé ní ọdún 1824. Ó so irin mọ́ bàbà tí wọ́n fi ń bo ìdí ọkọ̀ ojú omi, omi òkun sì ń jẹ irin náà, ó fi bàbà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń jẹ kò ní ṣàì tán. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá náà bá tán, irin táńkì ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò gbọ́ orúkọ ọ̀pá yìí rí títí omi pupa fi ṣàn nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ọ̀pá kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó híítà tuntun.

BÁWO NI Ẹ Ó ṢE MỌ OMI ILÉ YÍN?

Kò gba owó rẹpẹtẹ. Ẹ wá ìgò méjì tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ bu omi ilé yín sí ọ̀kan dé ìdajì, ẹ bu omi òjò tí ó mọ́ sí ìkejì, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ ha ọṣẹ bíbù díẹ̀ sínú wọn, iye kan náà. Kí ẹ má lo ọṣẹ ìyẹ̀fun, nítorí pé òun a máa hó nínú omi líle pẹ̀lú, yóò sì tàn yín jẹ. Ẹ dé ìgò méjèèjì, ẹ gbọ̀n wọ́n. Bí omi ilé yín bá hó bíi ti omi òjò, omi rírọ̀ ni. Bí ìhó rẹ̀ bá kéré, tí omi náà sì dà bí omi ògì, tí nǹkan funfun ń léfòó nínú rẹ̀, omi líle ni.

Àmì mìíràn tún wà. Ẹ wo inú kẹ́tù àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Ohun funfun tí ó le bí èèpá, ẹfun ni. Àbàwọ́n pupa nínú agbada ìfọwọ́ fi hàn pé irin wà nínú omi, tàbí pé omi ti ń jẹ páìpù. Àbàwọ́n tí ó dà bí ewé tútù lára ibi tí bàbà tàbí idẹ wà jẹ́ àmì omi kíkan. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ dájú lè gbé omi rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò.

Kí ẹ má fi omi ilé aládùúgbò yín dájọ́ fún tiyín. Kànga méjì lè wà ní òpópónà kan náà, kí jíjìn wọn má dọ́gba, kí omi wọn sì yàtọ̀.

ÌTỌ́JÚ ỌDỌỌDÚN

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni ó yẹ kí a ṣí híítà wò. Níbi tí omi bá le púpọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló dára. Bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ iná, ẹ pe oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà dúró tì í, kí ẹ sì mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe, kí ó má baà nu ara híítà lásán kí ó sì gba owó yín. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí:

Èkíní, a ó pa iná rẹ̀ níbi súwíìṣì ńlá, a ó sì fi ohun èlò yẹ̀ ẹ́ wò pé iná kò sí níbẹ̀ mọ́. A ó jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù.

Èkejì, a ó ti omi tí ń wọlé, a ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a ó sì da omi inú táńkì jáde.

Ẹ̀kẹta, a ó tú ìdérí rẹ̀. Níbẹ̀ ni élímẹ́ǹtì wà, ara ìdérí kan náà ni ọ̀pá ánóòdù sì sábà máa ń wà. A ó gbọ́n ẹfun àti ìdọ̀tí tí ó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì jáde, a ó sì fi omi ṣàn án títí omi yóò fi máa mọ́ jáde.

Ẹ̀kẹrin, a ó tú ọ̀pá ánóòdù kúrò, a ó wá rẹ irin élímẹ́ǹtì sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́, láìjẹ́ kí ibi tí wáyà wà kan omi. Yóò máa hó, ẹfun yóò sì máa yọ́. Igi ni kí a fi ha èyí tí ó bá kù, kí á má fi ọ̀bẹ ha á. Lẹ́yìn náà kí a fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ kíyè sára o: ẹ kò gbọdọ̀ da fínígà tàbí omi ọsàn pọ̀ mọ́ oògùn ìfọṣọ-funfun, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀karùn-ún, a ó wo ọ̀pá ánóòdù. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, tàbí tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ti ń yọjú, kí a fi tuntun sí i. Kí a pààrọ̀ rọ́bà ìdérí náà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹfà, nígbà tí a bá dí i padà, a ó ṣí omi sí i, a ó sì jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná wà ní ṣíṣí títí omi yóò fi máa ṣàn láìsí pé ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ìgbà náà nìkan ni a tó lè tan iná. Híítà tí a bá tan iná sí nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni élímẹ́ǹtì rẹ̀ yóò fi jóná.

Kò sí ìdí tí a fi ń tan híítà mọ́jú. Híítà oní-lítà 50 tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1500 kò nílò ju bíi wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú lọ láti gbé omi kúrò ní ìwọ̀n 25 dé ìwọ̀n 60, bí iná bá pé. Nǹkan bíi yúníìtì iná 2 ni yóò sì jẹ.

ILÉ TÍ Ó TI WÀ NÍ TÍTÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Ìjẹ̀bú ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilé ńláńlá wà nílùú tí onílé rẹ̀ ń gbé Èkó tàbí òkè òkun. Ọdún a yí, ilé wà ní títì. Bí Iléyá bá dé, gbogbo wọn á wọlé, nítorí pé ní ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, kò sì sí ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí ó fẹ́ kí wọ́n jó lẹ́yìn òun. Onílé gbé ẹrù sílẹ̀ lálẹ́, ó tẹ súwíìṣì híítà, ó ní kí omi gbóná kí òun wẹ òógùn ọ̀nà. Ó gbàgbé pé táńkì orí ilé ti gbẹ láti bí oṣù mẹ́wàá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, híítà ti jóná.

Ẹlòmíràn kò sì bá táńkì gbígbẹ, omi àtọdúnmọ́dún ni ó bá nínú híítà. Èyí pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1976, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ṣe ìpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, ó pa púpọ̀ nínú wọn. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú omi ni wọ́n rí pé ó fà á, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ológun náà ni wọ́n sì fi pe àìsàn ọ̀hún. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ṣàn, láàárín ìwọ̀n 20 sí 45, ni kòkòrò náà ti ń pọ̀ sí i. Bí ìkùukùu omi rẹ̀ bá wọ imú, ìgbà náà ni ó ń ṣe ibi. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 60 tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà á kú.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ pa iná híítà, ẹ sì da omi inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi tútù ṣàn dáadáa, ẹ rọ híítà kún, ẹ gbé e dé ìwọ̀n 60, ẹ da omi àkọ́kọ́ náà nù jẹ́jẹ́ láìfi í ta sókè, kí ẹ tó wẹ̀. Ẹ tilẹ̀ lè bẹ ẹni tí ń ṣọ́ ilé pé kí ó pe oníṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá. Bí a ti ń ra aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a ti tọ́jú híítà sílẹ̀.

OHUN TÍ A KÌ Í FI ṢERÉ

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1868, Benjamin Maughan, ẹni tí ń kun ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi gáàsì sọ omi di gbígbóná lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà sílẹ̀ tí èéfín yóò gbà jáde nínú balùwẹ̀. Ní ọdún 1889, Edwin Ruud ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó ní táńkì, tí ó sì ń dá tan, tí ó ń dá kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ohun ààbò kún un. Ẹ má ṣe bá wọn yọ ọ́ kúrò.

Fáàfù kékeré kan wà níbi tí omi tútù ń gbà wọlé. Bí omi bá gbóná, ó ń wú. Omi 50 lítà tí ó bá kúrò ní ìwọ̀n 25 dé ìwọ̀n 60 yóò fi èyí tí ó ju ìdajì lítà lọ pọ̀ sí i. Fáàfù yìí ni ó ń jẹ́ kí àlékún náà rí ọ̀nà jáde bí agbára rẹ̀ bá ti ń pọ̀ jù. Nítorí náà, bí ó bá ń kán tótó nígbà tí omi ń gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí ó bá ń kán tọ̀sán tòru, ẹ pe oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi rọ́bà tàbí igi dí i láé! Híítà tí kò ní ibi tí yóò mí sí, tí ohun tí ń pa iná rẹ̀ sì tún bàjẹ́, lè bú gbàù kí ó wó ògiri lulẹ̀.

Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ta yín lọ́wọ́ bó ti wù kí ó kéré mọ, ẹ jáde kúrò nínú omi, ẹ pa iná ilé, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé. Ó ṣeé ṣe kí élímẹ́ǹtì ti bẹ́, kí wáyà ilẹ̀ má sì sí. Bí iná bá mú ènìyàn, ẹ má dì í mú o. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹni tí ó sì ń fi irin oníná bọ inú garawa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi náà títí yóò fi yọ irin náà lára iná.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Omi tí ó wà ní ìwọ̀n 60 lè bó awọ ara láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Omi tútù ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bù sínú ọpọ́n ìwẹ̀, kí ẹ tó bu gbígbóná lé e.

ÀTÚNṢE TÀBÍ ÌPÀÀRỌ̀?

Bí omi kò bá gbóná mọ́, ẹ má sáré lọ sí ọjà. Élímẹ́ǹtì, ohun tí ń wọn ooru, rọ́bà ìdérí, ọ̀pá ánóòdù àti fáàfù, gbogbo wọn ni a lè pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí irin táńkì fúnra rẹ̀ bá ti lu, kò sí àtúnṣe tí ó pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní òun yóò jó o tàbí òun yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ń sún ọjọ́ síwájú lásán ni.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ bi ẹni tí ń tà á pé: Ǹjẹ́ ó ní ọ̀pá ánóòdù, ṣé mo sì lè rí òmíràn rà? Kí ni wọ́n fi bo inú rẹ̀? Ṣé fáàfù rẹ̀ wà nínú páálí? Wáàtì mélòó ni? Èyí tí ó bá tó 3000 ń fẹ́ wáyà tí ó nípọn ju èyí tí a fi ń tan gílóòbù lọ. Ní ilé olómi líle, ẹ yan èyí tí ìdérí rẹ̀ rọrùn láti tú. Ní ilé olómi kíkan, ẹ fojú sí ọ̀pá ánóòdù àti ohun tí wọ́n fi bo inú táńkì.

Ẹ rántí bàbá wa oníhíítà méjì. Ká ní ó gbọn ìgò ọṣẹ ní Ṣágámù, ká ní ó pààrọ̀ ọ̀pá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ṣeé ṣe kí híítà méjèèjì ṣì wà níbi iṣẹ́. Ẹ lọ wo omi ilé yín lónìí, kí ọyẹ́ tó dé, kí Iléyá tó wọlé. Ohun tí a bá tọ́jú ni ó ń tọ́jú ẹni.